Ẹni tí Kò Tíì Fọwọ́ Sí Ìwé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọ̀gá Oníbèéèrè,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ tí mo mọ̀ nínú fọ́tò nìkan ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà, kí ó sì bá ọ lórí ìjókòó, torí kì í ṣe lẹ́tà tí ènìyàn ń kà lórí ìdúró. Àwa náà wà. Orúnkún mi ọ̀tún ló ń bá mi jà, ti òsì ń wò ó níran. Bọ̀dá Kápẹ́ńtà, ọkọ mi, ní kí n kí ọ dáadáa. Etí wọn ti dínkù díẹ̀, pàápàá tí mo bá fẹ́ rán wọn níṣẹ́.

Mo mọ̀ pé bí àpòòwé yìí ṣe nípọn á ti kọ́kọ́ já ọ láyà. Fọkàn balẹ̀, ẹnì kankan ò kú. Láti ọdún mẹ́tàdínlógójì tí o ti kúrò nílé, ìlà méjì-mẹ́ta lẹ́yìn káàdì la fi ń kí ara wa, bí ẹni tó kàn jọ wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi lónìí ò lè gba ẹ̀yìn káàdì. Ohun tó yẹ kí n ti sọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ni, o sì ti lé ní àádọ́ta báyìí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, bí mo ṣe ń nu tábìlì ìgbàlejò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, obìnrin kan wọlé. Á tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Àpò kékeré ló gbé, abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà létí ọrùn aṣọ rẹ̀, ni mo fi mọ̀ pé aránṣọ ni. Mo kí i káàbọ̀, mo bi í irú yàrá tó fẹ́. Ó ní òun ò gba yàrá. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ibí ni wọ́n ti máa ń fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n bá ń lọ?' Mo ní ibí ni. Ló bá tú áńkáṣíìfù, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kan lé orí tábìlì. Igi róbótó kan so mọ́ ọn, nọ́ńbà mẹ́jọ sì wà lára igi náà, irú èyí tí Bàbá wa máa ń fi ìṣó gbígbóná kọ. Mo fa àga, mo jókòó. Ìwọ náà mọ yàrá kẹjọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nísinsìnyí, torí ó ti hu irùngbọ̀n láti ìgbà tí o ti lọ. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe láti ìlú dé ìlú wá wọ̀ sí Ilé Àlejò wa, ó sì gbé àpótí tó kún fún aago wúrà dání. Èmi ni mo bá a gbé àpótí yẹn gòkè, irinṣẹ́, ìgò òróró àti ṣẹ́ẹ̀tì méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní onílé àlejò fi nǹkan sí ọbẹ̀ rẹ̀, ó kó aago náà, ó sì sin òkú rẹ̀ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Láti ìgbà náà, ní agogo méje òwúrọ̀ gééré, Aláago á dìde, á ṣí fèrèsé yàrá kẹjọ, á gbọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì, á máa wá ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn tí o lọ, ìtàn náà yí padà. Wọ́n ní iwin náà ti ń sọ̀kalẹ̀, pé àwọn èrò ti ń gbúròó rẹ̀ nísàlẹ̀, nítòsí ẹnu ọ̀nà, àti pé lọ́jọ́ tó bá jáde síta tán, ilé náà á wó. Awakọ̀ kan búra pé òun rí fìlà rẹ̀ tó ń dá rìn. Tọkọtìyàwó kan tilẹ̀ wá láti ìlú ńlá torí kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ìyàwó gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní àfi tí oòrùn bá ràn dáadáa kí òun tó jáde. Inú kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀ ni mo gbé tíì fún un.

Àwọn èrò ń fi rẹ́rìn-ín, àwa la ń jẹ ìyà rẹ̀, ìwọ lo sì jẹ èyí tó pọ̀ jù. Mo rántí bí o ṣe máa ń ti ilé ìwé dé pẹ̀lú bọ́tìnì jíjá, tí o ò ní dárúkọ ẹni tó bá ọ jà. Ọmọ apààyàn ni wọ́n ń pè ọ́. Ìwọ tí o máa ń jókòó sórí àpótí àwọn èrò, tí o máa bi wọ́n ní ìbéèrè títí oorun á fi gbé wọn lọ, o wá di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń rán àwọn bọ́tìnì náà padà. Mo sì mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń rán wọn.

O mọ òfin ilé wa, àmọ́ bóyá o ò mọ ibi tó ti wá. Nígbà tí bàbá bàbá wa kọ́ ilé náà, yàrá mẹ́rin àti ibi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́ ló ní. Lọ́jọ́ kan wọ́n rò pé èrò kan ti lọ, wọ́n bá fi yàrá rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọkùnrin náà ò lọ, ó kàn lọ wo aláìsàn ni. Ó padà dé nínú òjò, ó bá àjèjì lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ojú tì í láti jí i, ó sì sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta. Òtútù yẹn ló pa á. Láti ìgbà náà ni ìwé ńlá ti wà lórí tábìlì ìgbàlejò: ọjọ́ tí àlejò dé lápá òsì, ọjọ́ tó lọ lápá ọ̀tún, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Ẹni tí kò bá tíì fọwọ́ sí i, kò tíì lọ. Bí ó fẹ́ kí ó tó ọdún mẹ́wàá, a ò gbọdọ̀ fi yàrá rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, a ó sì máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àwọn onílé àlejò mìíràn máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá wa ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ òfin náà lójú.

Ní òwúrọ̀ tí Aláago lọ, èmi ló yẹ kí n wà nídìí ìwé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, Bàbá ti lọ ra igi ìdáná. Kápẹ́ńtà ọ̀dọ́ kan ń tún fèrèsé ilé ìdáná ṣe lẹ́yìnkùlé. Ìgbà yẹn, 'ó' ni mo ń pè é, kò tíì di 'wọ́n'. Mo ní kí n gbé omi fún un, o mọ̀ pé mo láàánú. Omi ife kan gbà mí ní wákàtí kan ààbọ̀. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀ tí mo ń rẹ́rìn-ín ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín, mo rí Aláago tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, àpótí rẹ̀ lọ́wọ́. Ó juwọ́ sí mi, èmi náà juwọ́ sí i, ó sì gba ẹnu géètì kékeré jáde. Mo rò pé ó fẹ́ lọ bá ẹnì kan tún aago ṣe ni.

Kò padà wá. Nígbà tí Bàbá bi mí, ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á lé kápẹ́ńtà náà lọ. Mo ní mi ò kúrò nídìí ìwé rárá, mo ní Aláago ò gba iwájú mi kọjá. Bàbá gòkè, wọ́n bá aago ògiri wa tí wọ́n ní kó tún ṣe, ó wà ní títú sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹni tó tú u ò sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tó ń retí rẹ̀ ní ìlú tó kàn ránṣẹ́ pé àwọn ò rí i, ni ọlọ́pàá bá dé. Bàbá wa dúró níwájú wọn, wọ́n ní, 'Ọkùnrin náà kò tíì kúrò nínú ilé yìí. Ọmọ mi ló wà nídìí ìwé, ọmọ mi kì í purọ́.' Àbúrò mi, gbólóhùn yẹn ló dá Bàbá lẹ́bi. Tí kò bá tíì kúrò nínú ilé, níbo ló wà? Ọlọ́pàá tú ilé, wọ́n gbẹ́ ọgbà, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n sì lọ. Àwọn aládùúgbò ò lọ ní tiwọn. Mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo pa ẹnu dé, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mi ò sì là á mọ́.

Mo mọ̀ pé o ò gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn. O dìde níwájú èrò méje, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, o bi Bàbá pé, 'Níbo lẹ sin ín sí?' Ṣíbí gbogbo ènìyàn dúró. Bàbá wò ọ́, wọ́n wò mí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo. Mo rò pé ìbínú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì o gbé àpótí rẹ jáde. Bàbá wà nídìí ìwé, wọ́n ṣí i, wọ́n yí i sí ọ, wọ́n gbé kálámù lé e. O ní o ò ní fọwọ́ sí ìwé apààyàn, o sì lọ.

Ohun tí aránṣọ yìí wá sọ rèé. Ọmọ Aláago ni. Bàbá rẹ̀ kú ní oṣù tó kọjá, ó dàgbà, ó sì rí ọmọ-ọmọ. Kí ó tó kú, ó jẹ́wọ́ fún un pé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, òun ba aago onílé àlejò kan jẹ́. Kẹ̀kẹ́ kékeré inú rẹ̀ ló kán mọ́ òun lọ́wọ́, ojú sì ti òun débi pé òun gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Ìgbà tí òun ti rìn jìnnà ni òun tó rí kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Ó pa iṣẹ́ aago tì, kò gba ọ̀nà wa mọ́ láé, kò sì gbọ́ ohun tí lílọ rẹ̀ fà. Ó ní kí ọmọ òun dá kọ́kọ́rọ́ náà padà, kí ó sì bá òun fọwọ́ sí ìwé, torí onílé àlejò náà ti sọ òfin ilé fún òun lọ́jọ́ tí òun dé. Mo lọ gbé ìwé àtijọ́ náà wá. Ó kọ ọjọ́ tí mo sọ fún un, ó fọwọ́ sí i, omi ojú rẹ̀ kán sórí yíǹkì. Èmi náà ń sunkún, ó sì rò pé bàbá òun ni mo ń sunkún fún.

Nígbà tó lọ tán, mo gbé kọ́kọ́rọ́ náà lọ bá ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù wọn, mo ní ó ti tó àkókò kí n sọ òótọ́ fún ayé. Wọ́n gbé ayùn kalẹ̀. Wọ́n ní, 'Bàbá mọ̀.' Mo ní Bàbá wo? Ọkọ mi ní lọ́jọ́ tí àwọn wá tọrọ mi, àwọn ò fẹ́ kí irọ́ wà láàárín àwọn àti àna, àwọn sì sọ fún Bàbá pé ọ̀dọ̀ àwọn ni mo wà ní òwúrọ̀ yẹn, pé àwa méjèèjì la rí Aláago tó ń lọ. Bàbá gbọ́ ọ tán. Wọ́n wá ní, 'Má sọ fún un pé mo mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá sọ fún mi.'

Mi ò lọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi retí mi, títí wọ́n fi kú, tí mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀ tí mo sì ń dìde láìsọ nǹkan kan. Nígbà tí o bi wọ́n ní ìbéèrè lọ́jọ́ Àìkú yẹn, wọ́n mọ ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọn ì bá sọ, o kì bá tí lọ. Wọ́n wò mí kí n lè sọ ọ́ fúnra mi, mo wo ilẹ̀. Wọ́n gbà kí ọmọ kan máa pè wọ́n ní apààyàn kàkà kí wọ́n dójú ti ìkejì níwájú èrò. Inú bí mi sí wọn lọ́sẹ̀ yìí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Inú bí mi sí ọkọ mi náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì rò pé etí wọn ló tún dínkù.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo pe àwọn aládùúgbò sí yàrá ìjẹun, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí ìdúró. Mo rò pé wọ́n á bú mi. Àwọn kan wá di ọwọ́ mi mú. Obìnrin arúgbó kan ní òun fẹ́ lọ sí ibojì Bàbá láti lọ tọrọ àforíjì. Lánàá a fi yàrá kẹjọ fún èrò fún ìgbà àkọ́kọ́, oníṣòwò kan tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Nígbà tó jí, ó ní òun ò rí iwin kankan, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó dùn ún. Oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ òpópónà nìkan ni kò tíì jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní òun gbà pé Aláago ò kú síbí, àmọ́ ta ló wá ń rìn ní yàrá ìsàlẹ̀ ní agogo méje òwúrọ̀? Ó ní etí ara òun ni òun fi ń gbọ́ ọ tí òun bá gbé búrẹ́dì wá. Mi ò dá a lóhùn. Ìwọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn.

Èmi ni. Ṣáájú mi, Bàbá wa ni. Yàrá ìsàlẹ̀ yẹn ni yàrá kẹta, yàrá rẹ. Ní òwúrọ̀ tí o lọ, Bàbá ò pa ìwé náà dé. Mo rí wọn tí wọ́n ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ikú wọn ni mo tó rí ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n kọ orúkọ rẹ sí àárín orúkọ àwọn èrò. Lápá òsì, níbi ọjọ́ tí àlejò dé, wọ́n kọ ọjọ́ ìbí rẹ. Apá ọ̀tún ṣófo. Láti ọjọ́ kejì, tí wọ́n bá ti ṣe yàrá kẹjọ tán, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ wá sí tìrẹ, wọ́n á ṣí fèrèsé, wọ́n á gbọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á tún un tẹ́. Wọn ò jẹ́ kí èmi tàbí òṣìṣẹ́ kankan bá wọn ṣe é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọn ò lè dìde mọ́, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹta náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, 'Kò tíì fọwọ́ sí i.' Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń ṣe é. Ilé ti kún rí débi pé èrò sùn sórí àga, a ò fi yàrá rẹ fún ẹnikẹ́ni. Iwin tí wọ́n ní ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ ló ń wá.

Mi ò ní fi lẹ́tà bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Ohun tí mo ṣe kọjá ohun tí ènìyàn ń fi lẹ́tà bẹ̀. Bàbá ò ṣe ohun tí o tìtorí ẹ̀ bínú sí wọn. Èmi ló yẹ kí o bínú sí, mo sì wà láàyè, mo ṣeé bínú sí. Wá bínú sí mi lójúkojú. Tí o bá wá láti dúró, o ò nílò láti kọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀dì wà ní títẹ́. Tí o bá sì wá láti lọ pátápátá, wá fi ọwọ́ ara rẹ sí ìwé, kí n lè ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà kúrò, kí orúnkún mi sinmi. Èyí tí o bá yàn, mà á fara mọ́ ọn. Àmọ́ mo ti rí bí ọmọ ṣe ń fọwọ́ sí ìwé fún bàbá tó ti kú. Má jẹ́ kí ọmọ rẹ wá ṣe é fún ọ, kó wá jẹ́ pé ọmọ mi ni yóò ṣí ìwé náà fún un.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kó sì ṣọ́ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ fún ọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́. Ọ̀nà tí o bá gbà wá á tutù, èyí tí o bá gbà padà náà á tutù. A ó fojú kan ara wa kí ojú tó ṣú, láṣẹ Olúwa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó ń rán bọ́tìnì rẹ nígbà kan, tí àwọn èrò ń pè ní

Ìyá Kọ́kọ́rọ́.

Àfikún: Kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú àpòòwé yìí, ti yàrá kẹta ni. Wo nọ́ńbà tí Bàbá kọ sára igi rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bùn o. Ti ilé ni, ọwọ́ ìwọ tí o gbà á ló sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn náà kí n tó lẹ àpòòwé yìí pa, kò sì sí ohun tí mo lè fi tì í mọ́.